Iṣẹ́ Orí Àga Tó Ba Orúnkún Mi Jẹ́

Orúnkún mi méjèèjì ń dùn mí. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, àfi kí n kọ́kọ́ di nǹkan mú. Dókítà tó yẹ̀ mí wò béèrè irú iṣẹ́ tí mo ṣe, mo ní olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ orí àga kì í ba orúnkún jẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá bá mi pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá ó rọrùn, ó yẹ kí n sọ fún yín bí orúnkún mi ṣe bà jẹ́.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa kọ orúkọ ẹrù tó ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi sínú ìwé. Nínú ilé tí a ń gbé, Ìjọ̀ wà, Ìgbò wà, Ùròbò wà, ẹ̀rọ omi kan náà la sì jọ ń pọn. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti ń sọ Píjìn. Ní òdìkejì títì, obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ará Ìsẹ́yìn bíi tiwa ni. Láràárọ̀ ló máa ń ru búrẹ́dì lọ sí ẹnu géètì wáàfù, àwọn òṣìṣẹ́ á sì ti máa dúró dè é. Òun àti ìyá mi jọ máa ń gba ààwẹ̀ ni, òun ló sì pọ̀n mí sáré lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà fẹ́ pa mí ní kékeré. Ẹ má gbàgbé obìnrin yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Pàṣán ni irinṣẹ́ wa nígbà náà. Ẹ má wulẹ̀ wojú mi, gbogbo wa la ń nani, èmi náà sì mọ̀ ọ́n nà dáadáa. Ọmọbìnrin Ìjọ̀ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í tètè dé. Bó bá ti pẹ́, ẹgba mẹ́fà ni. Kì í sunkún, kì í ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe fà á mọ́ra kí n lè nà án dáadáa, mo rí i pé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù títí dé ìbàdí. Mo dá pàṣán dúró, mo ní kí ló dé. Ó wolẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "water no gree."

Mo ní omi wo ni kò gbà. Ìgbà náà ló tó sọ pé láti Snake Island lòun ti ń bọ̀, pé ọkọ̀ ojú omi kékeré tí bàbá òun fi ń pẹja lòun ń wọ̀, pé bí omi bá ń fà lọ sí òkun, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kó rọlẹ̀ kí wọ́n tó lè sọdá. Odidi sáà kan ni mo fi na ọmọ yẹn nítorí omi òkun. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní mo ju pàṣán nù lọ́jọ́ náà. Ohun tó yí padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kí n tó nani, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé bí mo bá ti béèrè tán, kì í sábà sí ìdí láti na ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí mo ṣe wọ yunifásítì, bí mo ṣe gboyè, bí wọ́n ṣe gbà mí sípò tíṣà ilé-ìwé girama, kò gba àlàyé: mo kàwé, mo yege. Ọdún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ni mo gbọ́ pé yunifásítì ti ń kọ́ àwọn tó ti gboyè ní iṣẹ́ ìdámọ̀ràn fún ilé-ìwé. Ọdún méjì ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní ṣé wọ́n tún ń lọ kọ́ ìmọ̀ràn ní yunifásítì ni. Ó ní ìyá òun ò mọ ọ̀nà yunifásítì, síbẹ̀ kò sí tọkọtaya tó ń jà lágbègbè wọn tí kò ní bá wọn dá sí i. Mo ní ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ kọ́ bí mi ò ṣe ní máa ṣe.

Ẹni tó kọ́ wa, Màmá Dókítà la máa ń pè é. Obìnrin gíga ni, ó sanra, awò ojú rẹ̀ nípọn, kì í sì í gbé ohùn sókè. Sáà àkọ́kọ́ látòkèdélẹ̀, kò jẹ́ ká gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ó ní ká lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. A rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń ṣeré ni. Rẹ́kọ́dà kan wà lọ́fíìsì rẹ̀, ó wúwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù inú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Bí o bá ti bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sì gbà kí ẹ gba ohùn sílẹ̀, wàá gbé téèpù náà wá, Màmá Dókítà á gbọ́ ọ, ìwọ náà á sì jókòó síwájú rẹ̀. Á dá a dúró.

Á ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?"

"Èmi ni, màá."

"Ta ló wá wá ìrànlọ́wọ́?"

"Ọmọ náà ni, màá."

Á tún tẹ̀ ẹ́, kò ní sọ nǹkan mìíràn. Èyí tó dùn mí jù ni ọjọ́ tó fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí mo ti sọ pé "pẹ̀lẹ́" nínú ìwé tí mo fi da ọ̀rọ̀ téèpù kọ. Mo bínú. Mo ní, Màmá, ọmọ yẹn ń sunkún, ṣé kí n máa wò ó ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní pẹ̀lẹ́ tí mo sọ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ fún, kí ọmọ náà lè tètè dákẹ́, kí ara èmi lè balẹ̀. Ó ní kí n tún téèpù náà gbọ́ nílé. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lóòótọ́ ni: gbogbo ibi tí mo ti ní pẹ̀lẹ́, ibẹ̀ lọmọ náà ti gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ó tún fòfin de "Ọlọ́run á ṣe é". Ẹ wo ohun tíyẹn fẹ́ ṣe fún wa. Àwa tó jẹ́ pé tá a bá ti ní pẹ̀lẹ́, tá a ní Ọlọ́run á ṣe é, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Òfin kẹta ni pé bó o bá mọ ilé ọmọ, má gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí ni mo rò pé kò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ò gbà pé ẹni tí kò mọ ilé ọmọ lè ràn án lọ́wọ́ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ.

Lọ́dún kejì, wọ́n rán mi lọ sí ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Àpápá láti lọ fi ọwọ́ ṣe ohun tí mo kọ́. Yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n sí ni wọ́n fún mi. Kò sí àjà níbẹ̀, títì ọkọ̀ àjàgbé sì wà lẹ́yìn fèrèsé, nítorí náà bí àwọn tírélà bá ń lọ sí wáàfù, àga tí mo jókòó lé á máa gbọ̀n. Àwọn tíṣà ibẹ̀ ń pè mí ní tíṣà tí kì í kọ́ni. Wọ́n máa ń yọjú wò mí bóyá mo ń sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ràfíátù wọlé, ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù. Ó ti rù. Ó yẹ kí n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Mo ní kó jókòó.

Ọjọ́ kẹta tó wá ló tó sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, tó ní lọ́rì tó ń ná Ìsẹ́yìn, ti fi í fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, ìgbéyàwó á sì wáyé bó bá ti ṣèdánwò tán. Ṣùgbọ́n Ràfíátù ti yọ́ lọ ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àdírẹ́sì ilé-ìwé ló fún wọn pé kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn mọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé ni pé bí lẹ́tà bá ti dé, ẹ̀gbọ́n náà á mú un lọ́wọ́, á wá bẹ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá gbọ́ kí lẹ́tà tó dé, ó parí. Ìdúró náà ni kò jẹ́ kó lè jẹun.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí," ó ní, "kó má kúrò níbí."

Mo ní, "Ohun tó o bá sọ níbí, ibí ló máa sùn."

Lọ́sàn-án Sátidé, Ìyá Oníbúrẹ́dì wá bá mi nílé. Ó ní Ràfíátù kì í jẹun mọ́, kì í rẹ́rìn-ín, òun sì gbọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wà. Ó ní kí n sọ fún òun, ṣé ọmọ òun lóyún ni. Mo ní Màmá, iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n sọ. Ó tún béèrè. Mo tún ní mi ò lè sọ. Ni obìnrin yẹn bá gbé àtẹ búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀, ló bá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Mọríámọ̀," ó ní, "mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tíyẹn jẹ́. Obìnrin tó pọ̀n mí rí, orúnkún rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì nítorí mi. Ó dà bíi pé wọ́n ń gbé èpè lé mi lórí. Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á, kò dìde. Gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Màmá Dókítà fò lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni pé kó kúrò nílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ dìde. Kò lóyún. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́, lẹ́tà wọn ló ń dúró dè."

Ó dìde. Ó ṣàdúrà fún mi, ó tún já búrẹ́dì kan fún mi kó tó lọ. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Mo rò pé mo ṣe dáadáa.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, Ràfíátù ò wá sílé-ìwé. Ìyá rẹ̀, nítorí ayọ̀ pé ọmọ ò lóyún, ti lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò pariwo, kò nà án. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló ní kó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e sínú lọ́rì, ó sì wà á lọ sí Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó súnmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé.

Kò sí téèpù ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi, kò sì sẹ́ni tó rí wa. Nítorí náà, nínú ìwé tí mo kọ fún Màmá Dókítà, mo ní ọmọ náà ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó kà á. Ó béèrè pé ta ló kó o lọ. Mo ní bàbá rẹ̀ ni. Ó ní kí nìdí. Mi ò fèsì. Òun náà ò sọ nǹkan kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń wò mí. Bó ṣe kọ́ wa pé ká máa ṣe fún àwọn ọmọ ló ṣe fún mi, mo mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn, síbẹ̀ mi ò lè dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sunkún débi pé mi ò lè mí. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀, ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà lórí ìdúró, màá."

"Ó yẹ kíwọ náà kúnlẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún ẹnì kan mọ́. Wàá sì lè dákẹ́."

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú bó ṣe sanra tó, ó ní kí èmi náà kúnlẹ̀. A jọ wà bẹ́ẹ̀, a ń wo ara wa lójú, títí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kò sí èyí nínú ìwé kankan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ò ní jẹ́ kí n yege, pé màá tún ọdún náà ṣe. Ó tún ní kí n mú lẹ́tà yẹn, kí n gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún Ràfíátù pé èmi ni mo sọ ọ́.

Nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn, wọ́n ti so yìgì wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ ni mo bá a, ó ń sá aṣọ. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á. Wọ́n ti gbà á sílé-ẹ̀kọ́ náà. Ó béèrè pé ta ló sọ. Mo ní èmi ni.

Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin lẹ ní ibẹ̀ ló máa sùn," ó ní.

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi há ìró rẹ̀, ó wọlé. Mi ò rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wọ mọ́tò padà sí Èkó, mi ò sì lè sọ fún ọkọ mi pàápàá ohun tó gbé mi lọ. Ìbànújẹ́ yẹn ò tíì tán lára mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo tún ọdún náà ṣe. Ọdún tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun ni, tí tírélà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn ní Àpápá. Gbogbo téèpù tí mo gbé lọ fún Màmá Dókítà, fèrè ọkọ̀ ló kún inú wọn. Ó gbọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kí n yege. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin yẹn náà ló gbà mí síṣẹ́, nínú yàrá bọ́ọ̀lù yẹn náà.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Rẹ́kọ́dà ńlá lọ, èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì dé, ó fúyẹ́, mo lè fi há abíyá. Lẹ́yìn náà ni káàdì tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo máa fi fẹ̀yìn tì, kọ̀ǹpútà ti dé. Mo kọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn òbí ń gbà wá ò yí padà. Wọ́n á wọlé, wọ́n á béèrè ohun tí ọmọ wọn sọ, mo ní mi ò lè sọ, wọ́n á sì máa lọ sílẹ̀. Bí mo bá ti rí i pé ìró ń lọ sílẹ̀ báyìí, èmi náà ti wà nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ wáàfù kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kúnlẹ̀ tì í, ọ̀gá ilé-ìwé sì ṣí ilẹ̀kùn lójijì. Ó wo èmi, ó wo bàbá yẹn. Ó béèrè pé kí ló jábọ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀, Sìkírátù wọ yàrá mi. Àbúrò Ràfíátù ni, ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì lòun náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún un pé mo mọ ilé wọn, màá fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ilé-ìwé kejì. Ó kọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun bá èmi gan-an sọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ, mo kọ̀wé sí Màmá Dókítà, òun sì dá mi lóhùn pé kí n gbọ́ ọ, kí n rántí ilẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ọ. Ohun tó sọ, mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi wọlé, pẹ̀lú àtẹ rẹ̀. Ó ti darúgbó díẹ̀. Àwa méjèèjì kì í yẹra fún ara wa ládùúgbò, ṣùgbọ́n a ò sọ̀rọ̀ Ràfíátù rí. Ó ní kí ni Sìkírátù sọ. Mo ní Màmá, mi ò lè sọ. Ó gbé àtẹ sílẹ̀. Kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, tèmi ti kàn án.

A wà níbẹ̀. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Tírélà kan kọjá, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ wa. Ó tún béèrè, mo mi orí. Ẹnu mi ò là.

"Kí ló dé tó ò ṣe báyìí nígbà tọ̀hún?" ó ní.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn, Màmá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní. "Èmi ni mo lọ sọ fún bàbá ẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó fi dìde. Ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀.

"Sìkírátù ti sọ fún mi lánàá," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ ló sọ. Mo kàn ní kí n wá wò ó bóyá wàá sọ ni." Ó gbé àtẹ rẹ̀ rù. "Mò ń lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màá sọ fún Ràfíátù pé o ò sọ."

Ó jáde. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà, tí mo ń sunkún, títí wọ́n fi lu aago pé kíláàsì ti yí padà.